Wọ́n Ń Wádìí Ìdílé Orúnkún Mi

Ní agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, èèyàn lè jí ewúrẹ́ kó sì rí ẹni bá a bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n kí obìnrin ilé wà lóòró kó máa kí Bàbá Alhaji láàárọ̀, ẹ̀bẹ̀ ò sí fún ìyẹn. Èmi Muslimat, aránṣọ, ni mo dá ẹ̀ṣẹ̀ náà lójoojúmọ́ fún odidi ọdún méjì àbọ̀, mo sì ń dá a lójú gbogbo ayé.

Kì í ṣe pé mo gbéra ga. Orúnkún ni. Ọ̀kadà kan ló gbé mi bọ̀ láti Òkè Padre lọ́jọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo gbé ẹrù aṣọ lé itan, ó sì gbé wa wọ gọ́tà. Ọlọ́kadà dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ó wo iná ọ̀kadà rẹ̀ bóyá ó fọ́, ó wá bi mí pé ṣé màá san owó òun báyìí. Inú rere rẹ̀ pọ̀ gan-an. Láti ọjọ́ náà ni orúnkún òsì mi ti ń há. Bí mo bá ká a, kì í fẹ́ nà. Bí mo bá nà án, kì í fẹ́ ká. Bí mo bá sì fipá ká a, á dún kàkà, ìrora á gbà mí dé àyà.

Ẹni tó bá ń fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì jẹun mọ ohun tí mò ń sọ. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń tẹ tèmi ní ìsọ̀ mi lẹ́bàá Bẹẹrẹ. Nígbà tí ẹsẹ̀ kọ̀, mo so mọ́tò mọ́ máṣíìnì, mo wá ń dúró de iná ìjọba. Ìjọba ní tirẹ̀ ò kánjú. Àwọn oníbàárà mi rọra ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń ṣàdúrà fún mi bí wọ́n ṣe ń kó aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Àwọn ará ilé ò kúkú fi mí sílẹ̀. Wọ́n fi òrí pa á, wọ́n fi àdí pa á, wọ́n fi omi gbígbóná jó o, débi pé orúnkún mi gba ìtọ́jú ju ọmọ tuntun lọ, kò sì dẹ́kun igbe. Bàbá Alhaji nìkan ni kò mú nǹkan kan wá. Òun ni mọ́gàjí ilé wa, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé díẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti òwúrọ̀, kó máa ka orúnkún tó bá kanlẹ̀. Bó bá kàn mí, á wò mí láti òkè délẹ̀.

"Muslimat, ṣé òpó iná ni ẹ́ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, orúnkún ni."

"Orúnkún! Èmi ni mo dàgbà jù nínú ilé yìí, mo ṣì ń kírun lórí ìdúró."

"Ẹ kú oríire, Bàbá."

Oníbàárà mi kan tí kò tíì sá lọ ló júwe ilé ìwòsàn ńlá kan fún mi. Dókítà Adéyẹ́misí ni orúkọ dókítà tí mo bá níbẹ̀, obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ya àwòrán inú orúnkún mi, ó fi hàn mí lójú kọ̀ǹpútà. Ó ní láàárín eegun méjì, ohun kan wà tó ń jẹ́ kí wọ́n máa yọ̀ lórí ara wọn, eegun rírọ̀ kan, irú èyí tí à ń pè ní bísíkíìtì bóònù bó bá jẹ́ ti ẹran. Tèmi ti ya níbì kan. Ihò ibẹ̀ tó bọ́tìnnì kóòtù.

"Ṣé kò ní hù padà ni?" mo bi í.

"Kì í dédé hù padà bí awọ ara, Mà. Ẹ̀jẹ̀ kì í dé ibẹ̀. Àwa la máa lẹ̀ ẹ́."

Inú mi dùn. Ọ̀rọ̀ ìlẹ̀ ni iṣẹ́ mi. "Irú aṣọ wo lẹ máa fi lẹ̀ ẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó wá là á yé mi. Ó ní àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n ń bí pẹ̀lú ìka mẹ́fà. Bí àwọn òbí wọn bá ní kí wọ́n gé ìka kẹfà náà, tí wọ́n sì gbà láti fi tọrẹ, wọn kì í sọ ọ́ nù. Wọ́n á yọ sẹ́ẹ̀lì inú eegun rírọ̀ rẹ̀, àwọn ohun tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí, tí wọ́n para pọ̀ di ara wa. Wọ́n á máa tọ́jú wọn nínú abọ́, wọ́n á máa pọ̀ sí i, nítorí sẹ́ẹ̀lì ọmọ tuntun lágbára ju tàgbà lọ. Ìka kékeré kan lè tó orúnkún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó ní àwọn ṣì ń dán an wò ni. Òun ò búra fún mi: ó ti ṣiṣẹ́ dáadáa fún àwọn kan, ó sì ṣiṣẹ́ díẹ̀ fún àwọn mìíràn.

"Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni tiyín máa ṣe tán, Mà. Bó bá ti ṣe tán, kò ṣeé tọ́jú pa mọ́. Bí ẹ ò bá wá, ẹni tó tẹ̀ lé yín la máa pè, àyè mìíràn ò sì dá mi lójú."

Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù. Èmi máa fọwọ́ sí i, ẹnì kan nínú ilé mi náà sì máa fọwọ́ sí i pé òun á tọ́jú mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ẹsẹ̀ òsì mi ò gbọdọ̀ kanlẹ̀. Kò sí ohun tó le níbẹ̀. Mo kúkú ní ọkọ.

Àkíbù ọkọ mi ka fọ́ọ̀mù náà lẹ́ẹ̀mejì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ń tún rédíò ṣe ní Ọjà'ba, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ti rí mi tí mò ń fi ìdí wọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó ti gbọ́ bí mo ṣe ń ké bí mo bá fẹ́ dìde nílẹ̀. Ó mú bírò, ó ṣí i, ó wá tún dé e.

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi tó Bàbá létí."

Díẹ̀ ló kù kí n fi ọ̀pá mi nà án. Ohunkóhun tí wọ́n bá fi tó Bàbá Alhaji létí, etí náà ló ń gbé. Ọ̀rọ̀ kànga tí a fẹ́ gbẹ́ sẹ́yìnkùlé ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun.

Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí Bàbá jí gìrì, nítorí ọ̀rọ̀ ìka kẹfà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ tó bá mú ìka mẹ́fà wáyé, Olúgbódi lorúkọ rẹ̀. A ní ọ̀kan nínú ilé. Ọmọ́tọ́lá, ìyàwó ọmọ-ọmọ Bàbá, ló bí i ní oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn, pẹ̀lú ìka mẹ́fà lẹ́sẹ̀ òsì. Lèmọ́mù sọ ọ́ ní Mubarak, kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, Bàbá kéde pé ẹni tó bá fi abẹ kan ìka náà, òun àti ẹni náà ò ní jọ gbé inú ilé yìí. Láti ìgbà náà, kò sí àlejò tó wọlé tí Bàbá ò ní gbé ọmọ náà sórí itan, kó di ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ mú, kó gbé e sókè.

"Mẹ́fà ló wà níbí o! Ilé wa ló yà sí!"

Àlejò á ní, "Máṣáà Allah!" Ìbọ̀sẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò, nítorí Ọmọ́tọ́lá kì í bọ́ ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọmọ yẹn. Yàrá rẹ̀ ló ti ń wẹ̀ ẹ́, ìbọ̀sẹ̀ ló sì fi ń gbé e jáde. Ó ní òtútù ò bá ọmọ òun lára mu. Nínú oṣù kẹta ní Ìbàdàn, tí oòrùn ń dín páànù orí ilé, ọmọ wa wọ ìbọ̀sẹ̀ onírun. Èmi ni mo tiẹ̀ máa ń bá a rán àwọn tó bá ti ya. Mo rò pé ojú ayé ló ń sá fún, mi ò sì bèèrè.

Bàbá ní kí Àkíbù jókòó.

"Ìka ọmọ ta ni?"

"Wọn ò sọ, Bàbá."

"Ará ibo?"

"Wọn ò sọ, Bàbá."

"Ẹ fẹ́ kó ara ọmọ ọlọ́mọ wọ agboolé mi, ẹ ò mọ ìdílé tó ti wá? Nígbà tí o fẹ́ fẹ́ Muslimat yìí, ṣé a ò wádìí ni? A dé Oníyanrìn, a bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ bàbá rẹ̀. Ìyàwó tó wọlé ṣì lè kó jáde. Orúnkún, bó bá ti wọlé, ó wọlé nìyẹn!"

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà tí mo ti gbọ́ ọ. Kí n má purọ́, ẹjọ́ náà dùn létí. Bó ṣe di pé wọ́n ń wá ìyàwó fún orúnkún mi nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé, Bàbá rán ikọ̀ lọ sílé ìwòsàn: Àkíbù àti àgbà méjì nínú agbádá. Kí wọ́n tó lọ, Bàbá ń pe ìbéèrè, Àkíbù ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ṣé ẹ̀tẹ̀ ò sí nínú ìdílé náà? Wárápá ńkọ́? Ṣé wọn kì í ya wèrè? Ṣé wọn kì í jalè? Ṣé àwọn obìnrin ibẹ̀ kì í rí ọkọ fín? Èyí tó kẹ́yìn ni Bàbá ní kí wọ́n fàlà sí nídìí: bí ara ọmọ wọn bá ti wà lára ìyàwó wa, ṣé wọn ò ní wá lọ́jọ́ kan pé àwọn lẹ́tọ̀ọ́ sí ilẹ̀ wa? Ilẹ̀ wa! Èyí tí a ti pín títí tó fi jẹ́ pé adìyẹ méjì ò lè yà fún ara wọn lórí rẹ̀.

Dókítà Adéyẹ́misí gbà wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní àwọn ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ọmọ wò, kò sí kòkòrò àrùn kankan níbẹ̀. Ó ní olè jíjà kì í bá sẹ́ẹ̀lì wọ ara ẹni. Ní ti ilẹ̀, ó ní òun ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Orúkọ ìdílé ni kò sọ; òfin ni pé ẹni tó fi tọrẹ ò ní mọ ẹni tó gbà á, ẹni tó gbà á náà ò sì ní mọ ẹni tó fi tọrẹ. Nígbà tí àwọn àgbà náà yọ ọ́ lẹ́nu títí, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n rí gbọ́ ni pé ìka ẹsẹ̀ ni, inú ìlú Ìbàdàn níbí ló sì ti wá.

Bàbá gbé ìdájọ́ sí Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Ọjọ́bọ̀ mi.

Gbogbo ilé pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n gbé àga fún mi, àwọn obìnrin yòókù sì kúnlẹ̀ kí Bàbá lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi pé èmi ni wọ́n ń ṣe é hàn. Fọ́ọ̀mù wà nínú báàgì mi. Mi ò jẹun láti àárọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní fi bò: bí ọ̀la bá kọjá, ìsọ̀ mi ti tán, ọ̀pá yìí ni màá sì máa fi rìn títí màá fi kú.

Bàbá wúkọ́.

"A ti wádìí. Ará ìlú yìí ni wọ́n. Ọlọ́run fún wọn ní Olúgbódi, bó ṣe fún àwa náà. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n gbé ẹ̀bùn Ọlọ́run fún alábẹ! Ìdílé tí kò mọyì ọmọ. Ó dájú pé wọn ò ní àgbà nílé. Bí wọ́n bá sì ní, á jẹ́ pé àgbà náà fọ́jú. Irú wọn ò lè bá wa tan. Orúnkún wọn ò ní wọ ilé yìí."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́..." ni Àkíbù wí.

"Mo ti parí."

Mo wo ọkọ mi. Bàtà rẹ̀ ló ń wò. Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi, mo sì fi ìborùn nù ún kí wọ́n má baà rí i.

Ọmọ́tọ́lá ló dìde lẹ́yìn. Ilé Aládùúrà ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá, kì í sì í sọ̀rọ̀ níbi tí àgbà bá wà. Ó gbé Olúgbódi wá síwájú, ó kúnlẹ̀, ó gbé ọmọ lé Bàbá nítan. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́; ó rò pé ẹ̀rí ló gbé wá fún òun.

"Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ bá mi bọ́ ìbọ̀sẹ̀ òsì rẹ̀."

Bàbá fa ìbọ̀sẹ̀ náà yọ. Ó fi àtàǹpàkò ka ìka. Ó dé márùn-ún. Ó padà sí ọ̀kan. Ó dé márùn-ún. Ó fa ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún yọ, bóyá ó ṣìnà lọ síbẹ̀. Márùn-ún. Ó wá gbọn ìbọ̀sẹ̀ òsì wò bóyá nǹkan kan á jábọ́.

"Dókítà ní ìka yẹn ò ní jẹ́ kó wọ bàtà, Bàbá," ni Ọmọ́tọ́lá wí. "Ọmọ oṣù kan ló wà tí èmi àti bàbá rẹ̀ gbé e lọ. Wọ́n ní ṣé kí àwọn sọ ọ́ nù ni àbí ká fi tọrẹ. Mo ní kí wọ́n mú un. Mi ò mọ̀ bóyá tirẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi sí Màámi lórúnkún, wọn ò lè sọ fún mi. Àmọ́ ìdílé tẹ́ ẹ̀ ń bú yẹn, Bàbá, àwa náà wà níbẹ̀. Ẹ má bínú."

Oṣù mẹ́tàlá! Oṣù mẹ́tàlá gbáko ni Bàbá Alhaji fi gbé ìka márùn-ún sókè, tó ń pè é ní mẹ́fà. Àwọn èèyàn ńlá láti Mápó títí dé Òkè Padre ti kí ìbọ̀sẹ̀ lásán kú oríire. Àwọn kan tiẹ̀ ti fọwọ́ pa á, wọ́n sì fi pa orí ara wọn fún ìbùkún. Mo bu ètè mi jẹ kí n má baà rẹ́rìn-ín, nítorí fọ́ọ̀mù mi ò tíì jáde nínú báàgì.

Gbogbo wa ń retí pé yóò lé Ọmọ́tọ́lá jáde. Mo tiẹ̀ ti ń ronú ibi tí màá kó aṣọ rẹ̀ pa mọ́ sí. Bàbá wo ẹsẹ̀ ọmọ náà títí. Olúgbódi ní tirẹ̀ gbá irùngbọ̀n Bàbá mú, ó ń fà á. Bàbá gbójú sókè, ó rí ojú wa, ó sì dájú pé ó rántí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ nípa àgbà tó fọ́jú. Ó rọra fa ìbọ̀sẹ̀ padà bọ ọmọ náà lẹ́sẹ̀.

"Ìwádìí ti parí," ó ní. "Ìdílé gidi ni."

Ó gbé ọmọ náà jókòó dáadáa lórí itan rẹ̀.

"Kò sí wárápá níbẹ̀. Kò sí olè. Èmi fúnra mi mọ bàbá wọn àgbà, èèyàn pàtàkì ni. Àkíbù! Kí lò ń wò? Fọwọ́ sí ìwé yẹn. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gbé orúnkún ilé wa fún ẹlòmíì ni?"

Àkíbù fọwọ́ sí i kíákíá. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn àfi Ọmọ́tọ́lá. Mo wọ́ tọ̀ ọ́ lọ sí yàrá rẹ̀, mo dì mọ́ ọn, àwa méjèèjì sì sunkún.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ náà ní Ọjọ́bọ̀. Kí n sọ òótọ́ nípa Àkíbù: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ló fi ń pọ̀n mí lọ sílé ìtọ̀, tó ń se ìrẹsì tó máa ń jóná, tó sì ń bẹ̀ mí kí n jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í na ẹsẹ̀, tí mò ń ká a díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe. Ní oṣù keje mo padà sí ìdí máṣíìnì. Bàbá ò gbé ẹsẹ̀ ọmọ sókè fún àlejò mọ́. Èmi ló ń nàka sí fún wọn báyìí. "Ẹ wo orúnkún yẹn," á ní, "ti ilé wa ni o, kì í ṣe ti ará ìta." Mo bi Dókítà Adéyẹ́misí lẹ́ẹ̀kan bóyá òótọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ń bá ìwé rẹ̀ lọ. Mi ò bèèrè mọ́.

Ṣùgbọ́n mo ní nǹkan kan lọ́kàn tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lórí ibùsùn ìwòsàn ni mo ti búra pé lọ́jọ́ tí orúnkún yìí bá dá ṣáṣá, màá lọ dúró ṣánṣán níwájú Bàbá, màá kí i lóòró. Bó bá bi mí pé ṣé òpó iná ni mí, màá ní, "Orúnkún mi ti dá, Bàbá. Ó kàn wù mí kí n dúró ni." Mo ti fi gbólóhùn náà dánra wò níwájú dígí ìsọ̀ mi. Ó dùn lẹ́nu mi bí oyin.

Ní oṣù kọkànlá, dókítà ní mo lè kúnlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ró ìró mi, mo jáde sí àgbàlá pẹ̀lú gbólóhùn mi lẹ́nu. Bàbá wà lórí àga. Láàárín àgbàlá, Olúgbódi jókòó sílẹ̀, ó ń bá bàtà tuntun jà, ó ń sunkún, kò rí okùn rẹ̀ so. Mi ò rò ó. Mo kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, mo gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sórí itan mi, mo bá a so ó.

Ìgbà tí mo so ó tán ni mo tó mọ̀ pé mo ti kúnlẹ̀. Kò dún kàkà. Kò dùn mí. Àpá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọńdinrín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mọ́ bí ojú abẹ́rẹ́ ṣe máa ń mọ́ lára aṣọ. Mo fi àtàǹpàkò mi lé e. Ayọ̀ bò mí, omi sì ń dà lójú mi, mi ò lè dìde.

"Káàárọ̀ o, Muslimat!" Ohùn Bàbá wá láti ẹ̀yìn mi. "Káàárọ̀, ọmọ mi. Mo rí i. Mo rí i o. Dìde, ó tó, Ọlọ́run á fún orúnkún náà lókun. Dìde."

Ẹ̀yìn ni mo kọ sí i. Ojú rẹ̀ ò sì ríran dé ibi tí mo wà débi tó fi máa mọ̀ pé òun kọ́ ni mo kúnlẹ̀ fún.

Mo gbé gbólóhùn mi mì.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá," mo ní. Mi ò sì dìde.